Má Pa 5.9 Yẹn Rẹ́

Ìbarà, Abẹ́òkúta

Àbẹ̀kẹ́ ọmọ mi,

Ṣé àlàáfíà lo wà? Ara ìyá rẹ le, èmi náà ò ṣàárẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí o sọ lórí fóònù lálẹ́ ọjọ́ Àìkú ló mú mi gbé bírò. O ní wọ́n kọ ọ́ sára ìgò fínígà pé ásíìdì inú rẹ̀ jẹ́ ìdá 5 nínú 100, àmọ́ nígbà tí ìwọ wọ̀n ọ́n ní láàbù, 5.9 lo rí. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ ti kọ 5 sínú ìwé wọn, ìwọ náà sì fẹ́ pa tìrẹ rẹ́. Mi ò fi bẹ́ẹ̀ sùn lóru ọjọ́ náà.

Má pa á rẹ́. Mo bẹ̀ ọ́, ọmọ mi.

Ọdún 29 ni mo fi kọ́ àwọn ọmọ ní kẹ́mísìrì. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni mo gba ìwé tí mo mọ̀ pé ìdáhùn ló kọ́kọ́ wọ inú rẹ̀ kí iṣẹ́ tó tẹ̀ lé e, tí mo sì fún wọn ní máàkì. Ó ń dùn mí títí dòní.

Ìyá mi àgbà, aláró ni ní Ìtòkú. Mo kéré nígbà tí aró rẹ̀ kan kọ̀, tí kò mú aṣọ. Àwọn kan ní ẹni tí kò yẹ kó dé ìdí ìkòkò ló débẹ̀, àwọn kan ní èlú, ewé tí a fi ń ṣe aró, ni kò dáa. Màmá ò bá ẹnikẹ́ni jiyàn. Ó gbé ìkòkò kékeré mẹ́ta kalẹ̀. Èkíní, ó ṣe é gẹ́gẹ́ bí èyí tó bàjẹ́. Èkejì, omi eérú nìkan ló pààrọ̀. Ẹ̀kẹta, èlú nìkan. Gbogbo wa ń kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, nítorí náà ọ̀rọ̀ ẹni tó dé ìdí ìkòkò kò lè yà wọ́n sọ́tọ̀. Nígbà tó ya aṣọ funfun kan sí mẹ́ta tó sì rì wọ́n, èyí tó ti inú ìkòkò kejì jáde nìkan ló ní àwọ̀ ewé tútù, tí atẹ́gùn fẹ́ sí i, tó di búlúù lójú wa. Omi eérú ló jẹ̀bi. Síbẹ̀ ó tún un ṣe lọ́sẹ̀ kejì kó tó gbà á gbọ́. Ká ní ó pààrọ̀ èlú àti omi eérú pọ̀ ni, aró ì bá mú, ṣùgbọ́n kò ní mọ èyí tó ṣe é nínú méjèèjì.

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Lord Rayleigh, onímọ̀ físíìsì kan, ń wọn bí náítrójìn, gáàsì tó pọ̀ jù nínú afẹ́fẹ́, ṣe wúwo tó. Èyí tó yọ látinú afẹ́fẹ́ wúwo díẹ̀ ju èyí tó ṣe látinú ammonia, gáàsì mìíràn tí náítrójìn wà nínú rẹ̀, lọ. Ìyàtọ̀ náà kò ju bí ìdá kan nínú 200 lọ. Ẹlòmíì á ní ọwọ́ òun ló gbọ̀n. Lọ́dún 1892, ó kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn Nature, ó ní kí ẹni tó bá mọ ìdí rẹ̀ ran òun lọ́wọ́. Ní 1894, òun àti William Ramsay, onímọ̀ kẹ́mísìrì, kéde gáàsì tí ẹnikẹ́ni ò tíì dá mọ̀, ìyẹn argon, tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdá kan nínú 100 afẹ́fẹ́ tí à ń mí. Òun ló fara pa mọ́ sínú náítrójìn afẹ́fẹ́ tó mú un wúwo. Ohun tó wú mi lórí jù ni pé Henry Cavendish, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì Gẹ̀ẹ́sì kan, ti rí afẹ́fẹ́ bíńtín kan tó ṣẹ́ kù nínú iṣẹ́ tirẹ̀ ní 1785. Kò mọ ohun tó jẹ́, ṣùgbọ́n ó kọ ọ́ sílẹ̀. Lẹ́yìn ọgọ́rùn-ún ọdún àti jù bẹ́ẹ̀ lọ, àkọsílẹ̀ yẹn wúlò.

Kì í ṣe gbogbo nọ́ńbà tó yàtọ̀ ló máa ń já sí ohun tuntun o. Ní 2011, àwọn onímọ̀ kan tó ń ṣiṣẹ́ ní Gran Sasso ní Ítálì rí i pé neutrino, ohun bíńtín tó kéré ju átọ́ọ̀mù lọ, tó wá láti CERN, ibùdó ìwádìí físíìsì kan nítòsí Geneva, dé ní nǹkan bí 60 nanosecond (ìdá bílíọ̀nù ìṣẹ́jú-àáyá) ṣáájú ìgbà tí ìmọ́lẹ̀ ì bá dé, ohun tí a gbà pé kò ṣeé ṣe. Wọ́n sọ ọ́ síta, wọ́n ní kí ayé bá wọn yẹ̀ ẹ́ wò. Nígbà tó di 2012, wáyà kan tí kò wọlé dáadáa ni wọ́n bá nídìí rẹ̀. Ojú ò tì mí fún wọn rárá. Nígbà tí nọ́ńbà jáde, ta ló lè mọ̀ bóyá argon ni àbí wáyà?

Nípa tìrẹ, sódà kọ́sítíìkì tí o ń dà sínú fínígà títí àwọ̀ á fi yí padà, láti fi wọn ásíìdì rẹ̀, ni mo fura sí. Àwọn aláró Ìtòkú mọ̀ ọ́n: bí o bá ṣí agolo rẹ̀ sílẹ̀, á fa omi inú afẹ́fẹ́ mọ́ra, á máa rin. Ó tún ń fa kábọ́ọ̀nù dáyọ́síìdì. Agbára rẹ̀ á dín kù sí bí o ṣe rò, wàá lo púpọ̀ sí i kí àwọ̀ tó yí padà, ásíìdì á wá dà bí ẹni pé ó pọ̀. Fi ásíìdì tí a ti mọ agbára rẹ̀ dájú yẹ sódà náà wò kí o tó padà sórí fínígà. Tí èrò mi bá tọ̀nà, 5.9 yẹn á wálẹ̀. Tí kò bá wálẹ̀, mo ti ṣì í nìyẹn, kí o yẹ pípẹ́ẹ̀tì, ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ tí o fi ń wọn fínígà, wò, kí o sì ra ìgò fínígà mìíràn, torí ohun tí wọ́n kọ sára ìgò náà lè má rí bẹ́ẹ̀.

Ìyá rẹ ti di láfún sínú báàgì, yóò dé Ìlọrin lọ́jọ́ Jímọ̀. Tí o bá ti tún un wọ̀n lẹ́ẹ̀mẹta, pè mí, kí o ka nọ́ńbà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta fún mi bí wọ́n ṣe jáde.

Bàbá rẹ