Lẹ́tà sí Fọlákẹ́ lórí oògùn ọmọdé

Fọlákẹ́ ọ̀rẹ́ mi,

Mo kí ọ, mo kí bàbá àwọn ọmọ, mo kí àwọn ọmọ náà. Ṣé dáadáa ni gbogbo yín wà? Àwa náà wà níbí, a dúpẹ́. Lẹ́tà rẹ ti tẹ̀ mí lọ́wọ́. N kò tètè fèsì nítorí pé ohun tí o bi mí kì í ṣe ohun tí ènìyàn ń dáhùn lórí ìdúró.

O ní ẹgbẹ́ yín ti kó owó díẹ̀ jọ, pé ẹ fẹ́ fi ṣe kóríyá fún àwọn tó ń ṣe oògùn tí ayé ti pa tì, pàápàá ti ọmọdé. Ṣùgbọ́n inú ń bí ọ pé owó la tún máa fi bẹ ilé iṣẹ́ tó ti lówó tẹ́lẹ̀ kó tó ṣàánú ọmọ aláìsàn. Kò burú, máa bínú. Inú ń bí èmi náà. Ṣùgbọ́n ìbínú kò tíì po oògùn rí.

Jẹ́ kí n sọ ohun tí ojú mi ń rí nídìí iṣẹ́ apoògùn yìí fún ọ. Wọ́n á kọ oògùn fún ọmọ tí kò ju kílò mẹ́jọ lọ. Ti àgbà ni hóró oògùn tó wà lórí àtẹ. Màá fi abẹ là á sí méjì, màá tún la ààbọ̀ yẹn sí méjì. Mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kì í dọ́gba. Ọ̀kan á tóbi, ọ̀kan á rún wómúwómú, ìyẹ̀fun rẹ̀ á kù sórí bébà. Èwo nínú wọn ni kí n fún ọmọ? Ìyá rẹ̀ á lọ̀ ọ́, á pò ó mọ́ omi, á fi ṣíbí bù ú sí i lẹ́nu, ọmọ á sì tu púpọ̀ nínú rẹ̀ dànù nítorí ó korò. Ta ló wá mọ iye tó wọlé? Bó bá kéré jù, àrùn ò ní lọ, kòkòrò tó fà á sì lè di èyí tí oògùn ò ràn mọ́. Bó bá pọ̀ jù, ẹ̀dọ̀ àti kíndìnrín tí kò tíì gbó ló máa ru ẹrù náà.

Ọmọdé kì í ṣe àgbà kékeré, ayé sì ti jìyà kó tó gbà bẹ́ẹ̀. Ní 1937, ilé iṣẹ́ kan ní Amẹ́ríkà fẹ́ sọ sulfanilamide, oògùn tó ń pa kòkòrò àrùn, di olómi tó rọrùn láti mu, ló bá pò ó mọ́ diethylene glycol, èyí tó ń dùn lẹ́nu. Májèlé ni. Ó lé ní ọgọ́rùn-ún ènìyàn tó kú, ọmọdé sì pọ̀ nínú wọn. Lẹ́yìn rẹ̀ ni òfin 1938 dé, tó ní dandan ni kí wọ́n kọ́kọ́ fi hàn pé oògùn kò léwu kí wọ́n tó gbé e jáde. Òfin tó dáa ni. Àmọ́ àyẹ̀wò oògùn lára ọmọdé wá di iṣẹ́ tó gba ìṣọ́ra, tó gba àkókò, tó sì ń jẹ owó. Nígbà tí ilé iṣẹ́ bá wá ṣírò ẹni tó máa ra oògùn ọ̀hún, òbí tí kò lówó lọ́wọ́ ló máa rí. Ní 2002, àwọn olùwádìí kan kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn ìṣègùn Lancet pé nínú oògùn tuntun 1,393 tó jáde láti 1975 sí 1999, 16 péré ló wà fún àwọn àrùn ilẹ̀ olóoru àti ikọ́ ẹ̀gbẹ. Ìṣirò owó ló fà á, kì í ṣe pé wọ́n kórìíra ẹnikẹ́ni.

Ọgbọ́n tí Amẹ́ríkà dá sí i ni mo fẹ́ kí ẹ yẹ̀ wò dáadáa, torí ọgbọ́n ọ̀hún jinlẹ̀, ó sì jò. Ní 2006, David Ridley, Henry Grabowski àti Jeffrey Moe ti yunifásítì Duke dábàá pé kí ẹni tó bá ṣe oògùn fún àrùn tí a pa tì gba fáọ́ṣà kan. Ní 2007 ó di òfin. Fáọ́ṣà náà kì í ṣe owó. Ohun tó wà fún ni pé kí ilé iṣẹ́ mú oògùn mìíràn tó wù ú wá sọ́dọ̀ FDA, àjọ tó ń fọwọ́ sí oògùn ní Amẹ́ríkà, kí wọ́n sì yẹ̀ ẹ́ wò láàrin oṣù mẹ́fà dípò mẹ́wàá. Fún oògùn tó ń pa owó rẹpẹtẹ, kí ó fi oṣù mẹ́rin ṣáájú àsìkò dórí àtẹ kì í ṣe nǹkan kékeré rárá. Wọ́n sì lè ta fáọ́ṣà náà fún ẹlòmíràn. Ní 2012, wọ́n nà án dé orí àrùn tó ṣọ̀wọ́n tó ń bá ọmọdé jà. Ọ̀kan nínú irú rẹ̀ tà ní mílíọ̀nù 67.5 dọ́là ní 2014. Nígbà tó fi di 2015, ilé iṣẹ́ kan ra ọ̀kan ní mílíọ̀nù 350. Gbogbo èyí, ìjọba ò fi owó àpò rẹ̀ ra nǹkan kan. Àwọn òbí tí ọmọ wọn ní àrùn tó ṣọ̀wọ́n fẹ́ràn ètò yìí gan-an, n kò sì rí ẹ̀bi wọn.

Níbo ló ti ń jò? Ọjọ́ tí àjọ bá fọwọ́ sí oògùn ni èrè ti tẹ onítọ̀hún lọ́wọ́. Èrè náà kò sì so mọ́ iye ọmọ tó rí oògùn náà lò. Ó dà bí ìgbà tí a sanwó fún télọ̀ nítorí pé ó ti ge aṣọ, láìwò ó bóyá aṣọ dé ọrùn ẹni tó ni ín.

Wo miltefosine, oògùn àrùn leishmaniasis tí kòkòrò kékeré kan tó ń mu ẹ̀jẹ̀ ń gbé kiri, tó sì ń pa ọmọdé tí kò bá rí ìtọ́jú. Oògùn jẹjẹrẹ ni wọ́n kọ́kọ́ fi ṣe ní Jámánì. Àjọ Ìlera Àgbáyé wà lára àwọn tó jùmọ̀ wádìí ìwúlò rẹ̀ fún leishmaniasis, Íńdíà sì ti fọwọ́ sí i láti 2002. Ní 2014, ilé iṣẹ́ Knight Therapeutics ti Kánádà gba àṣẹ FDA lórí rẹ̀, ó gba fáọ́ṣà, ó sì tà á fún Gilead ní mílíọ̀nù 125 dọ́là lọ́dún kan náà. Síbẹ̀ lẹ́yìn ìyẹn, àwọn tó ń tọ́jú aláìsàn, títí kan ẹgbẹ́ àwọn dókítà aláàánú tí wọ́n ń pè ní Médecins Sans Frontières, ṣì pariwo pé oògùn náà wọ́n, ó sì ṣòro láti rí. Ní 2017 wọ́n tún òfin ṣe kí oògùn tó ti pẹ́ lóde níbòmíràn má baà gba fáọ́ṣà láìsí ìwádìí tuntun. Wọ́n dí ihò kan. Ti iye owó oògùn àti bó ṣe ń dé ọwọ́ aláìsàn, wọn ò fọwọ́ kàn án.

Òfin mìíràn tún wà ní Amẹ́ríkà láti 1997, tó ń fún ilé iṣẹ́ ní oṣù mẹ́fà sí i láti dá nìkan ta oògùn rẹ̀ bó bá lè yẹ̀ ẹ́ wò lára ọmọdé. A rí ìmọ̀ púpọ̀ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n oògùn tí àgbà ń rà jù ni wọ́n sáré yẹ̀ wò, torí ibẹ̀ ni oṣù mẹ́fà ti ń so èso.

Ohun tó wù mí jù ni èyí tí wọ́n ṣe fún abẹ́rẹ́ àjẹsára pneumococcus, tó ń dènà òtútù àyà. Ní 2009, Ítálì, Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Kánádà, Rọ́ṣíà, Nọ́wè àti Gates Foundation ya bílíọ̀nù 1.5 dọ́là sọ́tọ̀. Ilé iṣẹ́ tó bá fẹ́ nínú rẹ̀ gbọ́dọ̀ ṣèlérí pé fún ọdún mẹ́wàá, òun ò ní ta abẹ́rẹ́ kan fún àwọn orílẹ̀-èdè tálákà ju 3.50 dọ́là lọ. Àwọn abẹ́rẹ́ tí wọ́n kọ́kọ́ rà nìkan ni wọ́n fi owó kún iye wọn, ìyẹn lẹ́yìn tí abẹ́rẹ́ ti jáde lọ́wọ́ wọn. Àwọn kan ní owó náà ti pọ̀ jù fún ilé iṣẹ́ tó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí iṣẹ́ tẹ́lẹ̀. Àríwísí yẹn ò burú. Ṣùgbọ́n abẹ́rẹ́ náà dé ara àwọn ọmọ, iye rẹ̀ sì ti wà lákọsílẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó gba owó.

Nígbà mìíràn, a ò tilẹ̀ nílò oògùn tuntun. Oògùn ikọ́ ẹ̀gbẹ ti wà láti ọjọ́ pípẹ́, èyí tó bá ìwọ̀n ọmọdé mu ni kò sí tẹ́lẹ̀. Unitaid, àjọ àgbáyé kan tó ń náwó sí ètò ìlera, gbé owó kalẹ̀, TB Alliance, àjọ tó ń wá oògùn ikọ́ ẹ̀gbẹ, sì bá àwọn tó ń ṣe oògùn jókòó. Ní December 2015 wọ́n gbé hóró kan jáde tó ń yọ́ sínú omi, tó ń dùn bí èso. Dọ́là 15.54 ni ti ìtọ́jú oṣù mẹ́fà nígbà náà. Tiẹ̀ wo àtọ̀sí ajá: láti nǹkan bí 1980 ni praziquantel, oògùn rẹ̀, ti wà fún àgbà àti ọmọ tó ti dàgbà díẹ̀, December 2023 ni àjọ oògùn ilẹ̀ Yúróòpù ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ pé ti ọmọ tí kò tíì tó iléèwé dára láti lò.

Má gbàgbé ìyá o. Oògùn lè wà kó má dé ẹnu ọmọ. Ní Rajasthan ní Íńdíà, àwọn onímọ̀ ọrọ̀ ajé Abhijit Banerjee, Esther Duflo àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn dán an wò: òbí tó bá gbé ọmọ wá gba abẹ́rẹ́ àjẹsára á gba kílò kan ẹ̀wà lẹ́ńtìlì, bí ọmọ bá sì gbà á pé, wọ́n á fún un ní àwo ìjẹun. Ní abúlé tí wọn ò ti ṣe nǹkan kan, ìdá 6 nínú ọgọ́rùn-ún ọmọ ló gbà á pé. Níbi tí nọ́ọ̀sì ti ń wá déédéé, 18. Níbi tí ẹ̀wà wà pẹ̀lú rẹ̀, 39. Owó tí wọ́n ń ná lórí ọmọ kọ̀ọ̀kan tó gbà á pé sì dín kù sí nǹkan bí ìdajì, nítorí nọ́ọ̀sì ló ń gba owó ọ̀yà yálà ọmọ wá tàbí kò wá.

Nítorí náà, Fọlákẹ́, ẹ má fi owó yín ṣe ẹ̀bùn fún ẹni tó bá kọ́kọ́ wá oògùn rí. Owó yín kò ní tó nǹkan kan lójú wọn. Ẹ wá oògùn kan tó ti wà fún àgbà, kí ẹ ṣèlérí láti ra ti ọmọdé bí ẹnìkan bá ṣe é. Kí iye owó rẹ̀ àti bí wọ́n ṣe máa lò ó ní ìwọ̀n kílò ọmọ wà nínú ìwé àdéhùn. Kí ẹ máa sanwó bó ṣe ń dé ọ̀dọ̀ àwọn ọmọ, kí díẹ̀ nínú owó sì wà fún ọkọ̀ àwọn ìyá. Bí ilé iṣẹ́ bá kọ̀ láti kọ iye owó sílẹ̀, ẹ dìde níbẹ̀.

Fi àkọsílẹ̀ ìpàdé yín ránṣẹ́ sí mi kí ẹ tó fọwọ́ sí nǹkan kan, màá bá yín wo ti ìwọ̀n oògùn. Bá mi kí gbogbo ilé.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ,
Táíwò