Ẹrù tí ó yẹ kí ó tẹ̀lé kọ́kọ́rọ́ ilé ológun

Olóòtú Àgbà,

Mo kí yín kú iṣẹ́ takuntakun. Mo ka ìròyìn tí ẹ gbé jáde nípa àsè tí àwọn ọmọ Yorùbá ní Houston níbí ṣe fún àwọn ológun tó ti fẹ̀yìn tì, ní ọjọ́ kọkànlá oṣù kọkànlá tí gbogbo Amẹ́ríkà fi ń bọlá fún wọn, inú mi sì dùn pé ẹ fún un ní àyè nínú ìwé ìròyìn yín. Ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn àsè ni mo fẹ́ bá yín sọ, nígbà tí a bá ti ká àga àti tábìlì nílẹ̀, tí ológun tí a bu ìrẹsì àti ẹran fún sì padà sí ilé tí kò sí ṣíbí kan ṣoṣo nínú rẹ̀.

Iṣẹ́ tèmi ni kí n máa kó ẹrù àwọn ènìyàn wa sínú kọ̀ǹténà lọ sí Èkó. Nígbà tí ìjì Harvey mú kí omi ya wọ ilé ní oṣù kẹjọ ọdún 2017, ọkọ̀ ìkẹ́rù mi wà lára àwọn tí a fi kó kápẹ́ẹ̀tì àti àga tó ti rin gbingbin jáde nílé àwọn aládùúgbò, a kò sì béèrè ìlú tí ẹnikẹ́ni ti wá kí a tó bá a gbé tirẹ̀. Láti ìgbà náà ni àwa mẹ́fà kan kò ti dáwọ́ dúró mọ́. Sátidé méjì lóṣù ni a ń kó bẹ́ẹ̀dì, tábìlì, ìkòkò àti aṣọ ìbora lọ fún àwọn ológun tó ti sùn sí abẹ́ afárá tàbí inú mọ́tò rí, tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rí ilé gbé.

Púpọ̀ nínú wa ló rò pé ìjọba ti parí iṣẹ́ náà, mo sì mọ ohun tó mú wọn rò bẹ́ẹ̀. Ètò HUD-VASH, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1992 tí wọ́n sì mú gbòòrò gidigidi láti ọdún 2008, ni ó ń san èyí tí ó pọ̀ jù nínú owó ilé irú ológun bẹ́ẹ̀. Ológun náà fúnra rẹ̀ ń fi nǹkan bí ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún owó tó ń wọlé fún un sí i, VA, àjọ ìjọba tó ń mójútó àwọn ológun tó ti fẹ̀yìn tì, sì ń fi òṣìṣẹ́ kan tì í tí yóò máa bẹ̀ ẹ́ wò, tí yóò sì bá a rí dókítà. Ní oṣù kẹfà ọdún 2015, Houston kéde pé òun ti rí ẹ̀yìn ìṣòro àwọn ológun aláìnílé, lẹ́yìn tí àwọn tó lé ní 3,600 ti rí ilé gbé láàárín ọdún mẹ́ta ó lé díẹ̀. Ìtumọ̀ ìkéde náà ni pé ètò ti wà nílẹ̀ láti tètè wá ilé fún ẹni tó bá tún bọ́ sí ìgboro, nítorí àwọn kan ṣì ń bọ́ síbẹ̀ títí dòní. Jákèjádò Amẹ́ríkà, àwọn ológun aláìnílé tí wọ́n kà ní ọdún 2010 lé ní 74,000. Ní ọdún 2024, wọ́n ti dín sí 32,882. Ẹni tó bá mọ ohun tí ojú ń rí ní ìgboro kò gbọdọ̀ fi ojú kékeré wo irú iṣẹ́ yẹn.

Ṣùgbọ́n owó ilé ni ètò HUD-VASH ń san, kì í ra bẹ́ẹ̀dì. Bàbá kan wà tí ó ja ogun Vietnam, tí a kó ẹrù lọ fún lẹ́yìn ọjọ́ mọ́kànlá tó ti gba kọ́kọ́rọ́. A bá a lórí ilẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́bàá ilẹ̀kùn àbájáde, bàtà rẹ̀ sì wà lẹ́sẹ̀. Ó ní òun ti gbìyànjú láti sùn sí iyàrá, ṣùgbọ́n iyàrá náà tóbi jù, ó sì dákẹ́ jù. Lẹ́ẹ̀mejì ló ti padà lọ sí abẹ́ afárá láti lọ jẹun, nítorí pé ibẹ̀ ni àwọn tó mọ orúkọ rẹ̀ wà. Bẹ́ẹ̀dì tí a gbé lọ ràn án lọ́wọ́ lóòótọ́, síbẹ̀ mo lè fi gbogbo ẹnu sọ pé onígbàjámọ̀ ló mú kí ó dúró sílé náà. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ wa tó ní ṣọ́ọ̀bù ìgẹrun lójú ọ̀nà Bissonnet sọ fún un pé kí ó máa wá ní gbogbo Ọjọ́bọ̀ kejì-kejì láìsan kọ́bọ̀, ó sì ń lọ. Bí ó bá pa Ọjọ́bọ̀ kan jẹ, wọ́n á pè é lórí fóònù. Ọdún kẹta rèé tí ó ti ń gbé ilé kan náà.

Ní ilé wa, a mọ ọ̀wẹ̀, a sì mọ àáró. Ẹni tó bẹ ọ̀wẹ̀ máa ń kó èrò púpọ̀ jọ lọ́jọ́ kan ṣoṣo, yóò wá oúnjẹ fún wọn, iṣẹ́ yóò sì parí lọ́jọ́ náà. Àáró ní tirẹ̀ a máa yí ká: òní ni oko tèmi, ọ̀la ni oko tìrẹ, kò sì sí ẹni tí í yẹ ọjọ́ rẹ̀. Àsè oṣù kọkànlá, ọ̀wẹ̀ ni. Àáró ni ológun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rí ilé nílò, mo sì rò pé àwa oníṣòwò kéékèèké ní Houston ló yẹ kí a gbé e lé èjìká. Kí ẹni tó ń ta oúnjẹ mú ilé kan ṣoṣo, kí ó máa gbé abọ́ kan síbẹ̀ lọ́sẹ̀ fún ọdún kan. Kí mẹkáníìkì gba mọ́tò kan, nítorí pé ọ̀nà ilé ìwòsàn jìn fún ẹni tí kò ní ọkọ̀ nínú ìlú yìí. Kí àwọn tó mọ̀wé bá wọn to ìwé jọ, pàápàá DD-214, ìwé tó ń fi hàn pé ènìyàn jáde nínú iṣẹ́ ológun. Láìsí i, ilẹ̀kùn púpọ̀ kì í ṣí.

Àwọn kan ti bi mí pé kí ló kàn wá nínú ogun Amẹ́ríkà. Ọ̀rọ̀ náà kàn wá ju bí wọ́n ṣe rò lọ. Láti ọdún 2009 títí wọ́n fi dá a dúró ní ọdún 2016, ètò kan wà tí wọ́n ń pè ní MAVNI, tí àwọn ológun Amẹ́ríkà fi ń gba àwọn àjèjì tó gbọ́ àwọn èdè kan, èdè Yorùbá sì wà nínú wọn. Ọmọ wa kan tó gba ọ̀nà náà wọṣẹ́ sùn nínú mọ́tò rẹ̀ fún oṣù mẹ́rin lẹ́yìn tó jáde, kò ju máìlì méjì lọ sí ibi tí a ti ń ṣe ìpàdé ẹgbẹ́. Ojú tì í láti sọ fún wa. Ìyá rẹ̀ nílé ṣì ń rò pé ó ti di ọ̀gá. Ọ̀rọ̀ ọmọ yìí dùn mí wọra, nítorí mo ti rí mọ́tò yẹn lójú pópó ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, n kò sì kan gíláàsì rẹ̀.

Mo bẹ gbogbo ẹni tó bá fẹ́ ṣe irú iṣẹ́ yìí pé kí wọ́n kọ́kọ́ bá òṣìṣẹ́ tó ń mójútó ológun náà sọ̀rọ̀ kí wọ́n tó lọ kan ilẹ̀kùn rẹ̀. Ẹ má kó tìmùtìmù tó ní ìdun wá, ẹ má sì kó ohun tó ti bàjẹ́ wá. Ó sì dùn mí pé ẹgbẹ́ kan, tí n kò ní dárúkọ, mú ayàwòrán dání lọ bá obìnrin kan tó ti ṣe iṣẹ́ ológun, tí ó ń gbìyànjú láti fi ara pamọ́ fún ẹni tó ti lù ú rí. Àwòrán náà jáde lórí Facebook kí ilẹ̀ tó ṣú. Obìnrin náà kò sun ilé náà mọ́, ó sì gba oṣù púpọ̀ kí a tó bá a rí òmíràn, nítorí pé àwọn onílé tí kì í fẹ́ gba ìwé tí ìjọba fi ń san owó ilé kò kéré.

Ní Sátidé tó ń bọ̀, ilé méjì ni a ó lọ, ọ̀kan ní Alief, èkejì lẹ́bàá pápákọ̀ òfúrufú Hobby. Bẹ́ẹ̀dì ti wà fún àwọn méjèèjì, obìnrin kan tó ń ran aṣọ ti bá wa rán aṣọ fèrèsé, ọkọ̀ mi sì ti kún dé ìdajì. Fíríìjì kan tí ó ṣì ń ṣiṣẹ́ dáadáa ni a ń wá.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Òǹkàwé yín láti Houston, Texas