Lẹ́tà sí Ẹ̀gbọ́n Mi, Olólùfẹ́ Ọkọ̀ Ojú Irin

Ẹ̀gbọ́n mi,

Páálí yín ti dé ọ̀dọ̀ mi. Ìyàwó yín ló fi ránṣẹ́. Wọ́n ní ojú àwọn ò gbà á mọ́ láti máa rí i nílé. Gbogbo rẹ̀ ló pé síbẹ̀: máàpù, àwòrán tí ẹ gé nínú ìwé ìròyìn, àti ìwé àkọsílẹ̀ yín lórí àwọn ọkọ̀ ojú irin tí èèyàn ń sùn nínú wọn. Ẹ fi bírò pupa fa ìlà sábẹ́ 4 Oṣù Kẹwàá 1883, ọjọ́ tí Orient Express gbéra ní Paris. Ẹ kọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ pé ọkọ̀ ojú irin kọ́ ló gbé àwọn èrò ọjọ́ yẹn dé Constantinople, tó ń jẹ́ Istanbul báyìí, pé ńṣe ni wọ́n sọ̀ kalẹ̀, wọ́n fi ọkọ̀ ojú omi sọdá odò Danube, wọ́n wọ ọkọ̀ ojú irin mìíràn lọ sí èbúté Varna ní Bulgaria, kí wọ́n tó tún bọ́ sínú ọkọ̀ òkun. Bẹ́ẹ̀ lẹ ṣe máa ń rẹ́rìn-ín tí ẹ bá ń sọ ọ́, inú yín á máa dùn bíi pé ẹ bá wọn ru ẹrù.

Púpọ̀ nínú wọn, ẹnu la fi rin ín. The Ghan ní Australia, láti Adelaide dé Darwin, 2,979 kìlómítà, tó jẹ orúkọ àwọn ará Afghanistan tó ń da ràkúnmí láyé àtijọ́. Indian Pacific, ní Australia náà, tó ń gba aṣálẹ̀ Nullarbor kọjá, níbi tí ojú irin ti lọ tààrà fún 478 kìlómítà láìṣẹ́ kọ́nà kankan. Ẹ ní ibẹ̀ lẹ ti máa sùn àsùnwọra. Seven Stars ti Kyushu ní Japan sì bí yín nínú, torí pé ẹni tó lówó lọ́wọ́ náà ṣì ní láti dúró dìgbà tí wọ́n bá ṣẹ́ kèké kó tó rí ààyè.

Blue Train nìkan la jọ wọ̀, láti Pretoria dé Cape Town, nǹkan bíi 1,600 kìlómítà. Mo rántí bí ẹ ṣe ń fọwọ́ pa igi ara ògiri. Mo rántí bí ẹ ṣe ń wo báàfù tí ẹ ń mi orí, pé omi kì í dà nù bí ọkọ̀ bá ń sáré? Nígbà tí a fi máa jẹun alẹ́ tán, òṣìṣẹ́ tó ń tọ́jú wa ti fa bẹ́ẹ̀dì jáde lára ògiri, ó ti tẹ́ ẹ, yàrá ìjókòó ti di yàrá ìbùsùn.

Lóru, mo jí. Bẹ́ẹ̀dì yín ṣófo. Mo dúró, ẹ ò dé. Nígbà tí mo yọjú sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, mo rí yín ní ìpẹ̀kun rẹ̀ lọ́hùn-ún, ẹ̀yin àti òṣìṣẹ́ yẹn. Ẹ̀yin lẹ ń sọ̀rọ̀. Òun kàn ń gbọ́ ni, ó tẹ orí ba bí ẹni tó wá kí ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀. Láàárọ̀, ojú yín wú. Mo béèrè ohun tó dé. Ẹ ní, "Mu tíì rẹ, kó má tutù." Nígbà tí a dé Cape Town, ọkùnrin náà fi ọwọ́ méjèèjì di ọwọ́ yín mú, kò sì tètè fi í sílẹ̀. Àwọn èrò ń kọjá lára wa tàwọn tẹrù wọn. Èmi náà dúró síbẹ̀, mo gbé báàgì yín dání.

Kò sí bí mi ò ṣe yí alẹ́ yẹn wò. Nígbà tí àìsàn náà hàn gbangba, mo bẹ̀rẹ̀ sí í ka oṣù padà sẹ́yìn. Ṣé ẹ ti mọ̀ nígbà yẹn? Ṣé àjèjì tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ pàdé lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn ni ẹ kọ́kọ́ sọ ọ́ fún, tí èmi ọmọ ìyá yín sì wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn? Ẹ jẹ́ kí n jókòó lẹ́bàá fèrèsé, kí n máa ya fọ́tò ilẹ̀ gbígbẹ Karoo láàárọ̀ ọjọ́ kejì, kí n máa pè yín wá wòran. Inú ń bí mi sí yín. Mo nífẹ̀ẹ́ yín, inú sì ń bí mi sí yín.

Nínú ìwé àkọsílẹ̀ yín náà ni mo ti ka ti àwọn pọ́tà George Pullman ní Amẹ́ríkà, ẹni tó ní iléeṣẹ́ ọkọ̀ ojú irin tí èèyàn ń sùn nínú rẹ̀. Ọkùnrin dúdú, tí púpọ̀ nínú àwọn tó kọ́kọ́ ṣe é ti jẹ́ ẹrú rí. Àwọn ló ń tẹ́ bẹ́ẹ̀dì, tí wọ́n ń nu bàtà, tí wọ́n ń jẹ́ ìpè lóru. Kí owó oṣù wọn tó lè pé, wọ́n gbọ́dọ̀ ṣiṣẹ́ wákàtí 400 lóṣù tàbí kí wọ́n bá ọkọ̀ rin máìlì 11,000. Àwọn èrò kì í bi wọ́n lórúkọ. "George" ni wọ́n ń pe gbogbo wọn, orúkọ ọ̀gá wọn. A. Philip Randolph kó wọn jọ sínú ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ ní 1925, ó sì di 1937 kí iléeṣẹ́ náà tó bá wọn tọwọ́ bọ àdéhùn. Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀ pé: "Ẹni tí kò sùn ló mú kí wọ́n sùn."

Ibẹ̀ ni mo wà tí Màmá fi pè. Wọn kì í sùn lóru mọ́, ẹ̀gbọ́n mi, èmi náà kì í sì í sùn. Orúkọ yín ni wọ́n ń pè mí. A ti sọ fún wọn pé ẹ ti lọ. Wọ́n sunkún, wọ́n gbàgbé, a tún sọ, wọ́n tún sunkún bíi pé wọn ò gbọ́ ọ rí. A wá dákẹ́. Báyìí, tí wọ́n bá pè yín, èmi ni mo ń dáhùn pé, "Màmá." Wọ́n á máa fẹjọ́ mi sùn mí, pé àbúrò yín le jù, pé kò jẹ́ kí àwọn jáde. Lóru àná, wọ́n di ọwọ́ mi mú, wọ́n ní, "Ṣé o ti sọ fún àbúrò rẹ?"

Mo ní, "Sọ kí ni, Màmá?"

Wọ́n ní, "Ọ̀rọ̀ yẹn. Sọ fún un o. Kò dáa bẹ́ẹ̀."

Mi ò rí nǹkan mìíràn gbọ́ lẹ́nu wọn. Ẹ sọ ọ́ fún Màmá pẹ̀lú, àbí? Ọjọ́ Àìkú ni àwọn tó kù fẹ́ ṣèpàdé. Wọ́n fẹ́ kí n fiṣẹ́ sílẹ̀, kí n máa tọ́jú Màmá tọ̀sán tòru. Wọ́n ní àwọn á máa dá owó. Níbi iṣẹ́, wọ́n ti fún mi ní ìwé ìkìlọ̀ torí pé mo ń sùn lórí tábìlì. Ẹ̀yin lẹ máa ń bá wa dá irú ẹjọ́ báyìí. Mi ò tíì mọ ohun tí mo máa sọ fún wọn.

Èmi ni,
Àbúrò yín