Fọlákẹ́, ṣé wọ́n ti sọ fún yín?

Fọlákẹ́ Àbẹ̀kẹ́, ọmọ mi,

Ṣé dáadáa lo wà? Mo pè ọ́ láàárọ̀, mo pè ọ́ lálẹ́, mo fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sórí WhatsApp, mo sì rí i pé o ti kà á. Tó bá jẹ́ torí owó oṣù yìí tí o kò tíì fi ránṣẹ́ lo ṣe ń sá, owó kọ́ ni mo fẹ́ bá ọ sọ. Àlàáfíà la wà ní Ìlasàn níbí. Ẹ̀rọ omi ti bàjẹ́, omi rírà la ń lò. Wálé ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ ti rí èsì JAMB rẹ̀, ó ní kò burú, àmọ́ kò jẹ́ kí n fojú kàn án.

Ìyá Sikírù tó máa ń lọ ra ẹja yíyan níbi tí ìwọ àti ẹgbẹ́ aláàánú yín ti ń ṣiṣẹ́ létí ọ̀sà yẹn ló wá bá mi. Ó ní wọ́n ti fi ọ̀dà pupa kọ nọ́ńbà sára ilé àwọn Ẹ̀gùn ibẹ̀. Ó ní ẹ̀yin náà wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà gan-an, gbogbo yín wọ fàníìlà kan náà, ẹ ń pín ìrẹsì, ẹ ń ya fọ́tò. Ṣé wọ́n ti sọ fún yín pé wọ́n máa wó ibẹ̀? Ṣé ẹ mọ̀, tí ẹ kò sì sọ fún àwọn onílé?

Má bínú o. Mo mọ̀ pé inú rere ló gbé ọ débẹ̀. Láti kékeré, bí mo bá bu ẹran fún ọ, ìdajì á ti dé ọwọ́ ọmọ aládùúgbò kí n tó ṣẹ́jú. Mo máa ń fi ọ́ yangàn lọ́jà. Ṣùgbọ́n ta ló ń fún yín lówó ìrẹsì? Ìyá Sikírù ní orúkọ ilé iṣẹ́ kan tó ń kọ́lé olówó ńlá wà lára báńà yín. Ẹni tó ń wá ilẹ̀ etí omi kiri, tó tún ń ta àwọn tó ń gbé orí ilẹ̀ náà lọ́rẹ ìrẹsì, kí lẹ rò pé ó ń wá? Àbí ẹ kò béèrè ni? Ìwé tí mo fi owó aṣọ rírán rán ọ lọ kà, ṣé fàníìlà wíwọ̀ nìkan lo rí fi ṣe? Ìrẹsì á tán. Ẹ̀rọ ìránṣọ tí ẹ pín fún àwọn obìnrin wọn, níbo ni wọ́n máa gbé e sí bí katapílà bá dé?

Bàbá rẹ, kí Ọlọ́run tẹ́ ẹ sí afẹ́fẹ́ rere, kò gba àánú ẹnikẹ́ni kó tó mọ̀wé. Lọ́dún 1955 tí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́, ẹsẹ̀ lásán ló fi wọ kíláàsì. Òun ọmọ olóko àti ọmọ ọlọ́jà jọ jókòó lórí bẹ́ǹṣì kan náà ni. Kò sẹ́ni tó ní kó dúró kí wọ́n ya fọ́tò rẹ̀ kó tó wọlé. Owó orí tí bàbá rẹ̀ ń san fún ìjọba wà nínú ẹ̀kọ́ náà.

Tèmi yàtọ̀ sí tirẹ̀.

O mọ̀ pé Maroko la ti ń gbé kí n tó bí ọ. Ní oṣù Keje ọdún 1990, ìjọba ológun fún wa ní ọjọ́ méje lórí rédíò. Wọ́n ní ilẹ̀ náà rẹlẹ̀ ju òkun lọ, pé omi máa gbé wa lọ. Nǹkan bí 300,000 ènìyàn ni wọ́n lé. Wá wo àwọn ilé tó wà ní Oniru, lórí ilẹ̀ Maroko yẹn, lónìí, ṣé omi gbé wọn lọ?

Ohun tí mi ò sọ fún ọ rí ni pé mo ti mọ̀ kí rédíò tó sọ ọ́. Màdámù kan tí mo ń ránṣọ fún ní Victoria Island ló pè mí sẹ́yìn ilé. Ó ní, "Ìyá Wúrà, tètè kó ẹrù rẹ kúrò níbẹ̀, má sì sọ pé èmi ni mo sọ." Èèyàn dáadáa ni. Òun ló ń san owó ilé ìwé ẹ̀gbọ́n rẹ, kò sì sí Kérésì tí kì í gbé ìrẹsì fún wa. Ọkọ rẹ̀ máa ń bá àwọn ọ̀gá ṣọ́jà jókòó. Ìgbà tó yá ni mo gbọ́ pé àwọn náà ní pulọ́ọ̀tì níbẹ̀. Àánú rẹ̀ kì í ṣe irọ́, Fọlákẹ́. Pulọ́ọ̀tì náà kì í ṣe irọ́.

Òru ni mo gbé ẹ̀rọ ìránṣọ mi sórí ọmọlanke. Ìyá Àjọkẹ́, tí yàrá wa kọjú síra, gbọ́ ariwo, ó jáde. Mo ní ẹ̀rọ ló bàjẹ́, pé mo fẹ́ gbé e lọ tún ṣe. Ó ká ìró rẹ̀ sókè, ó bá mi ti ọmọlanke náà títí a fi kọjá ẹrẹ̀. Aránṣọ lòun náà. Abẹ́ ògiri ni ẹ̀rọ tirẹ̀ bá lọ. Mo rò ó pé bí mo bá sọ, màdámù á gbọ́, owó ilé ìwé á dúró. Ìrẹsì ẹni ẹlẹ́ni ló kún mi lẹ́nu tí mi ò fi lè la ẹnu. Mi ò tún fojú kan Ìyá Àjọkẹ́ mọ́.

Nítorí náà mo tún ń béèrè: ṣé wọ́n ti sọ fún yín? Olóríkunkun ọmọ, kí ló dé tí o kò dá mi lóhùn? Ṣé o tilẹ̀ ń jẹun? Mo rí fọ́tò tí o fi síta, o ti gbẹ.

Àwọn ará Otodo-Gbame, abúlé etí omi ní Lẹ́kkí tí wọ́n wó, pe ìjọba lẹ́jọ́, ilé ẹjọ́ gíga sì dá wọn láre ní 2017, ṣùgbọ́n ilé ti wó tán kí ìdájọ́ náà tó jáde. Ẹ má jẹ́ kí ti àwọn wọ̀nyí pẹ́ bẹ́ẹ̀. Lọ bá baálẹ̀ wọn lọ́la, bọ́ fàníìlà yẹn sílé, sọ gbogbo ohun tí o bá mọ̀ fún un, kí o sì mú lọ́yà tó mọ irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ dání. Owó tí o fẹ́ fi ránṣẹ́ sí mi, fi wọ ọkọ̀. Bí ọ̀gá yín bá torí ìyẹn lé ọ, yàrá rẹ ṣì wà níbí. Wálé ló ń sùn níbẹ̀, á kó jáde.

Èmi ni ìyá rẹ,
Ìyá Wúrà