Àkànní, lọ rí Bàbá kí orin náà tó jáde

Paris

Àkànní àbúrò mi,

Mo kí ọ o. Mo kí Màmá, mo kí gbogbo agboolé wa pátá. Ṣé òjò ti bẹ̀rẹ̀ ní Kétu? Bá mi sọ fún Màmá pé ara mi le, àwọn ọmọ ń lọ sílé ẹ̀kọ́, iṣẹ́ náà ń lọ. Òtútù nìkan ló ń yọ wá lẹ́nu. Kí wọ́n má fòyà.

Orin tí o fi ránṣẹ́ ti tẹ̀ mí lọ́wọ́. Mo gbọ́ ọ bí mo ṣe ń lọ síbi iṣẹ́, mo tún gbọ́ ọ bí mo ṣe ń bọ̀. Nígbà tó dalẹ́ mo ṣí i sókè fún àwọn ọmọ, àbíkẹ́yìn mi sì ń jó káàkiri ilé. Orin náà dùn, Àkànní. Kì í ṣe torí pé ọmọ ìyá mi ni ọ́ ni mo ṣe ń sọ ọ́. Ibi tí gìtá ti dákẹ́, tí ìyá ìlù wá ń sọ̀rọ̀ lóun nìkan, tí ìró ṣaworo ẹsẹ̀ oníjó tẹ̀ lé e, orí mi wú. Má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ní kí o yọ ìlù yẹn kúrò torí àtità.

Ọ̀rọ̀ kan wà níbẹ̀ tí kò jẹ́ kí n sùn, òun ló jẹ́ kí n jókòó kọ lẹ́tà gígùn báyìí dípò kí n pè ọ́. Mo mọ ègbè orin náà. Bàbá Ẹlẹ́fẹ̀ àdúgbò wa ló dá a lóru ẹ̀fẹ̀ Gẹ̀lẹ̀dẹ́, lọ́dún tí àwọn kan ta ilẹ̀ kan náà fún ẹni méjì. O ṣì kéré, itan Màmá lo jókòó lé. Bàbá lé e lẹ́ẹ̀kan péré, gbogbo agbo ti gbà á, a sì ń gbè é títí ilẹ̀ fi mọ́. Nígbà tó di ọjọ́ kejì, àwọn ọmọ ń kọ ọ́ lọ sí odò. O yí ọ̀rọ̀ rẹ̀ padà díẹ̀, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ kò yí. Mo wá wo ohun tí o kọ sábẹ́ orin: orúkọ tìrẹ àti ti ọmọkùnrin tó gbà á sílẹ̀ fún ọ nìkan ni mo rí.

Màmá ní o sọ pé orin ìlú ni, pé kò sẹ́ni tó ni ín. Jẹ́ kí n sọ ohun tí ojú Manu Dibango olórin rí fún ọ.

Ọmọ Douala ní Kamẹrúùnù ni. Ní 1949, ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni nígbà tí bàbá rẹ̀ fi í sínú ọkọ̀ ojú omi wá sí Faransé níbí, kọfí kílò mẹ́ta ni wọ́n dì fún un láti fi san owó àwọn tó máa gbà á sílé. Mo máa ń ro ọ̀rọ̀ kọfí yẹn gan-an. Ó kọ́ dùùrù, ó kọ́ saksófóònù, ó bá Kabasele, olórin Kóńgò, àti ẹgbẹ́ rẹ̀ African Jazz ṣiṣẹ́, ó lọ sí Kóńgò Kinshasa, ó padà sí Kamẹrúùnù, ó tún wá síbí. Ọdún rẹpẹtẹ ló fi ṣe gbogbo ìyẹn kí ayé tó gbọ́ orúkọ rẹ̀.

Ní 1972, Kamẹrúùnù ló gba àlejò ìdíje bọ́ọ̀lù ife ẹ̀yẹ Áfíríkà, wọ́n sì ní kí Manu kọ orin tí wọ́n máa fi ṣí i. Ó kọ ọ́. Ojú méjì ni àwo ìgbà yẹn ní: orin bọ́ọ̀lù wà lójú kìíní, ojú kejì ṣófo. Ló bá mú makossa, ijó àwọn ará Douala, ó pò ó pọ̀ mọ́ orin soul àwọn aláwọ̀ dúdú Amẹ́ríkà, ó pè é ní Soul Makossa. Ó fi saksófóònù gbé e, ó wá ń fi ohùn ìsàlẹ̀ gé ọ̀rọ̀ náà sí wẹ́wẹ́ lẹ́nu: ma-ma-ko, ma-ma-sa, ma-ka-ma-ko-ssa. Àwọn ọmọ àdúgbò tó gbọ́ ọ nílé bàbá rẹ̀ fi í rẹ́rìn-ín, wọ́n ní ó ń kólòlò. Kóńgò Brazzaville wá na Kamẹrúùnù kí wọ́n tó dé àṣekágbá, orin ojú kìíní sì bá a lọ.

Ojú kejì ni ayé gbé jó. Àwo náà dé New York. David Mancuso, tó máa ń ṣí àwo fún àwọn oníjó nílé rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní The Loft, rí i ní ṣọ́ọ̀bù àwọn ará Caribbean kan ní Brooklyn. Frankie Crocker, sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ orí rédíò WBLS níbẹ̀, gbọ́, òun náà gbé e sórí afẹ́fẹ́. Àwọn èèyàn ń wá a kiri, kò sí lọ́jà, ni oríṣiríṣi ẹgbẹ́ olórin bá sáré kọ tiwọn kí wọ́n lè tà á fún wọn. Nígbà tí ilé iṣẹ́ Atlantic gbẹ̀tọ́ láti tẹ ojúlówó rẹ̀, ó dé ipò 35 lórí àtẹ Billboard, tí wọ́n fi ń to orin tó gbajúmọ̀ ní Amẹ́ríkà, ní 1973. Ọmọ Douala, pẹ̀lú ijó Douala lẹ́nu, lórí rédíò Amẹ́ríkà! Ó wà lára àwọn orin tó ṣínà fún disco. Makossa fúnra rẹ̀ kárí Áfíríkà. Bi Màmá, wọ́n á sọ fún ọ bí wọ́n ṣe ń jó o níbi ìgbéyàwó.

Lópin 1982 Michael Jackson gbé Thriller jáde. Nínú orin tó ṣáájú nínú àwo náà, bó ṣe ń lọ sópin, ègbè kan bẹ̀rẹ̀, wọ́n ń gbè é lágbètúngbè. Ègbè Manu ni, wọ́n kàn yí i díẹ̀, bí o ṣe yí ti Bàbá. Ẹnikẹ́ni kò bi í. Ó di ọ̀rọ̀ ẹjọ́. Wọ́n yanjú rẹ̀ láàárín ara wọn, wọ́n sì sanwó fún un. Ní 2007, Rihanna tún mú ègbè kan náà. Michael Jackson ni wọ́n lọ gbàṣẹ lọ́wọ́ rẹ̀, Manu sì ní ẹnikẹ́ni kò wá sọ́dọ̀ òun. Ó pe gbogbo wọn lẹ́jọ́ ní Paris níbí ní 2009. Ilé ẹjọ́ ní kò lè béèrè nǹkan mọ́, torí pé lọ́dún tó ṣáájú adájọ́ kan ti ní kí wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ sára orin Rihanna ní Faransé, òun náà sì ti jáwọ́ nínú ẹjọ́ ìgbà yẹn. Mo mọ̀ pé òfin ní bó ṣe ń rìn, síbẹ̀ ó dùn mí. Ẹni tí wọ́n fi kọfí rán nírìn àjò ló ń tọrọ orúkọ ara rẹ̀ lẹ́yìn orin tirẹ̀.

O lè ní Manu kọ́ ló dá makossa sílẹ̀. Òótọ́ ni. Gbogbo Douala ló ni ijó yẹn, bí gbogbo Kétu ṣe ni ìlù Gẹ̀lẹ̀dẹ́, kò sì sẹ́ni tó máa ní kí o má lù ú. UNESCO pàápàá ti ka Gẹ̀lẹ̀dẹ́ mọ́ ogún ayé láti 2001. Ègbè yẹn ló yàtọ̀. A mọ ẹnu tó ti jáde, ẹni náà sì wà láàyè, ilé wọn kò jìnnà sí tiwa.

Nítorí náà, lọ rí Bàbá. Lọ láàárọ̀ kí oòrùn tó mú, ìwọ àti Màmá, ẹ mú obì àti ọtí dání. Má gbé fóònù sójú wọn kí ẹ tó kí wọn tán. Kọ orin náà fún wọn pẹ̀lú ẹnu rẹ, kí o sì bi wọ́n léèrè èyí tó ṣeé gbé síta nínú rẹ̀, torí ohun tí a ń kọ lóru ẹ̀fẹ̀ níwájú àwọn ìyá wa, kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ló yẹ fún rédíò. Bí wọ́n bá ní rárá, wá ègbè mìíràn. Ìlù rẹ á gbé e. Bí wọ́n bá gbà, kí orúkọ wọn wà ṣáájú tìrẹ, kí ẹ kọ ọ́ sínú ìwé pé ìdajì owó tó bá wọlé jẹ́ tiwọn, kí o sì lọ fi orúkọ ẹ̀yin méjèèjì sílẹ̀ ní Cotonou, lọ́dọ̀ àwọn tó ń bójú tó ẹ̀tọ́ olórin.

Mo ti fi owó ránṣẹ́ sí fóònù Màmá fún obì náà àti fún ọkọ̀ Cotonou. Èyí tó bá ṣẹ́ kù, kí Màmá fi ra oògùn wọn. Bẹ Bàbá kí wọ́n fi ohùn ara wọn lé orin náà níbẹ̀rẹ̀ kí ìwọ tó gbà á. Tó bá ṣeé ṣe, èmi ni kí o kọ́kọ́ fi ránṣẹ́ sí.

Ẹ̀gbọ́n rẹ ní Paris