Ẹ jẹ́ kí ọmọ tó ní ọ̀rẹ́ kan ṣoṣo sinmi

Olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Kétu níbí ni mo ń gbé, mo ń ta ìwé àti bíìkì lẹ́bàá kọ́lẹ́ẹ̀jì kan, torí náà ojú mi ló ń tó o. Tí àwọn ọmọ bá ti jáde ìsinmi, ẹ ó rí ọmọbìnrin kan nínú wọn, tó bá ra bisikíìtì gbogbo wọn á ra bisikíìtì, tó bá yọ ṣùtì sí ẹnìkan, ó parí, ẹni yẹn á dá dúró títí wọ́n á fi wọlé. Inú ìyá ẹ̀ ń dùn pé ọmọ òun lórúkọ. Àwọn ìyá tí ọmọ tiwọn ò lórúkọ ló wá ń ráhùn fún mi, kódà ẹnìkan jẹ gbèsè ra fóònù kí ọmọ ẹ̀ lè bá wọn wà lórí WhatsApp kíláàsì, torí pé ọ̀rẹ́ kan ṣoṣo ló ní.

Kí ló burú nínú ọ̀rẹ́ kan? Ní Amẹ́ríkà, Rachel Narr àti Joseph Allen pẹ̀lú àwọn ẹgbẹ́ wọn ní yunifásítì Virginia tẹ̀lé ọmọ 169 láti ọmọ ọdún 15 títí dé 25, wọ́n gbé e jáde ní 2017. Àwọn tó ní ọ̀rẹ́ tímọ́tímọ́ nígbà yẹn, ọkàn wọn balẹ̀ sí i nígbà tí wọ́n dàgbà, wọ́n sì níyì lójú ara wọn. Àwọn tí gbogbo ẹgbẹ́ ń wá kiri ni àyà wọn wá ń já láàrin èèyàn! Kétu kì í ṣe Amẹ́ríkà, mo mọ̀, àmọ́ ogún ọmọdé ò ní ṣeré gba ogún ọdún níbikíbi, àti pé ẹni tí gbogbo ojú ń wò, ta ló fẹ́ sọ fún pé inú òun bàjẹ́?

Èyí tí wọ́n ń lé kiri tí kò lẹ́nìkan rárá yàtọ̀ o, ìyẹn la gbọ́dọ̀ tètè bójú tó. Ẹ̀yin pọrọfẹsọ̀ọ̀, ẹ jọ̀ọ́, tí iṣẹ́ ẹgbẹ́ bá wà, ẹ̀yin fúnra yín ni kẹ́ ẹ pín wọn, ẹ má ní kí wọ́n máa yan ara wọn, torí ọmọ kan náà ló máa ń ṣẹ́kù.

Ìyá oníwèé, Kétu