Ṣadé, òótọ́ ọ̀rọ̀ nípa àwọn òròmọdìẹ yẹn rèé

Ṣadé mi,

Báwo ni Leeds, báwo ni bàbá àwọn ọmọ, ṣé iṣẹ́ alẹ́ yẹn ò ti máa pọ̀ jù fún ẹ báyìí? Àwa náà wà ńbí, òjò July ń rọ̀ bíi pé wọ́n bẹ̀ ẹ́ níṣẹ́, gbogbo Mọ́níyà ti di ẹrẹ̀, ọlọ́kadà ò fẹ́ wọ àdúgbò wa mọ́ àfi kó o fowó lé e. Mo gbọ́ ohùn tó o fi ránṣẹ́ lọ́jọ́ Sunday, pé o fẹ́ ra màṣíìnì ńlá tí wọ́n fi ń pa ẹyin adìẹ, èyí tó ń gba ẹyin igba, torí bí èyí àkọ́kọ́ ṣe dáa, pé o tiẹ̀ ti sọ fún àbúrò ọkọ ẹ kí òun náà mówó wá. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo gbọ́ ọ. Lẹ́ẹ̀kẹta ni mo jókòó sórí àpótí lẹ́yìnkùlé, mo ní rárá o, kí ọ̀rọ̀ yìí tó di ti mọ̀lẹ́bí, ó yẹ kí n sọ òótọ́ fún Ṣadé. Mi ò lè sọ ọ́ lórí fóònù, mo mọ ara mi, màá tún fi ẹ̀rín bò ó ni, ìdí tí mo fi ń kọ ọ́ nìyẹn.

Òròmọdìẹ 31 tí mo ní ó jáde nínú màṣíìnì ní January yẹn, kì í ṣe 31. Mẹ́sàn-án ni.

Má tíì bínú, jẹ́ kí n rò ó fún ẹ.

Ṣó o rántí pé owó tó o fi ránṣẹ́ ni mo fi ra màṣíìnì lọ́wọ́ ọmọkùnrin kan tó ń fi kúlà ṣe é fúnra ẹ̀, ó fi gúlóbù sí i, fáànù kékeré, pẹ̀lú nǹkan tó ń ka ìgbóná níwájú. Ẹyin 48 ló ń gbà. Mo wá wá ẹyin lọ, ibẹ̀ ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀, torí ẹyin kíréètì tí gbogbo wa ń rà láti dín jẹ, kò sí àkùkọ láàárín àwọn adìẹ tó ń yé e, bó o bá fi ọdún kan ta iná sí i kò ní di nǹkan kan. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀ o, mo sì béèrè lọ́wọ́ ẹni tó tà á fún mi, ó ní àkùkọ wà, ó tún fi ọmọ ẹ̀ búra. Lọ́jọ́ keje mo paná yàrá, mo ń fi tọ́ọ̀ṣì fóònù sídìí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Èyí tó lọ́mọ nínú, wàá rí iṣan ẹ̀jẹ̀ tó tàn káàkiri bí ẹsẹ̀ aláǹtakùn, nǹkan dúdú kékeré kan á wà láàárín tó ń mì. Ṣadé, èyí tí mo kọ́kọ́ rí, mo kígbe débi pé àwọn ọmọ sáré wọlé. Èyí tí ò lọ́mọ, ńṣe ló kàn máa mọ́lẹ̀ rekete. Mẹ́tàdínlógún ló mọ́lẹ̀ rekete. Ó ku 31, ṣó o ti rí ibi tí 31 ti wá báyìí? Alẹ́ ọjọ́ yẹn ni mo pè ẹ́ pé 31 ń bọ̀ lọ́nà, nọ́ńbà yẹn sì lẹ̀ mọ́ mi lẹ́nu. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ kẹrìnlá, mẹ́rin ti kú sínú, ó ku 27.

Tó bá ti di ọjọ́ kejìdínlógún, a kì í yí ẹyin mọ́, omi la máa bù kún abọ́ inú ẹ̀, a ó pa á dé, ó parí, ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ ṣí i títí wọ́n á fi jáde tán. Awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan ló wé mọ́ ọmọ nínú ẹyin. Tó bá ti lu ihò, ó ní láti máa yí díẹ̀díẹ̀ kó lè gé èèpo yíká, tí inú màṣíìnì bá wá gbẹ, awọ yẹn á gbẹ mọ́ ọn lára bíi nylon, kò ní lè yí mọ́, ibẹ̀ ló máa kú sí. Ọmọkùnrin tó ṣe màṣíìnì tiẹ̀ ti fi máákà kọ ọ́ gàdàgbà sórí ìdérí: MÁ ṢÍ I.

Ọjọ́ kọkànlélógún bọ́ sáàárín ọyẹ́ tó ń la ètè gbogbo wa. Ní ìdájí, mẹ́jọ ti jáde, mẹ́wàá ti lu ihò, mò ń gbọ́ wọn tí wọ́n ń ké nínú èèpo. Ìwọ náà wá pè, fídíò, àwọn ọmọ ẹ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ, o ní Kẹ́mi, dígí yìí ò jẹ́ ká rí nǹkan, ṣí i díẹ̀. Mo ṣí i. Mo mú ọ̀kan jáde, mo mú ìkejì, àwọn ọmọ ẹ ń pariwo, inú mi ń dùn, mo gbé fóònù wọnú ẹ̀ kẹ́ ẹ lè rí àwọn tó ń lu ihò. Mo padà lọ wo fóònù lẹ́yìn náà, ìṣẹ́jú mọ́kànlá la fi sọ̀rọ̀. Ìṣẹ́jú mọ́kànlá nínú ọyẹ́.

Nígbà tílẹ̀ mọ́ lọ́jọ́ kejì, àwọn mẹ́wẹ̀ẹ̀wá ṣì wà bí wọ́n ṣe wà, ihò yẹn ò fẹ̀ sí i. Mo fọwọ́ kan ọ̀kan, etí ihò yẹn ti gbẹ bí awọ àlùbọ́sà, ẹnu ọmọ náà yọ síta, kò mira mọ́.

Mi ò fi dá ẹ lẹ́bi o, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ ẹ́. Èmi ni mo mọ òfin, ìwọ ò mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé tí mo bá sọ fún ẹ nígbà yẹn, wàá máa rò ó lẹ́nu iṣẹ́, wàá sọ fún àwọn ọmọ, wọ́n á sunkún. O wá pè, o ní mélòó ló jáde, ẹnu mi kàn sọ 31. O ní ọpẹ́ ni f'Ólúwa. Báwo ni mo ṣe fẹ́ dá ọpẹ́ padà?

Ọ̀kan nínú mẹ́wàá yẹn ṣì ń mí. Mo bu omi lílọ́wọ́ọ́wọ́, mo fi òwú rẹ awọ yẹn, mò ń ṣí i díẹ̀díẹ̀, tí mo bá ti rí ẹ̀jẹ̀ màá dúró, màá dá a padà sínú ooru, láti aago mẹ́jọ àárọ̀ títí dọ̀sán. Màmá Ẹlẹ́kọ ilé kejì wá wò mí, wọ́n ní "ta ló ń gbẹ̀bí fún adìẹ?" Ṣùgbọ́n nígbà tó jáde tán, àwọn gan-an ló sọ ọ́ lórúkọ, wọ́n ní ó wé aṣọ àlà wáyé, Tàlàbí ni. Ẹsẹ̀ ẹ̀ là sọ́tùn-ún sósì, kò lè dìde, mo fi pílásítà so méjèèjì pọ̀, mo fi àlàfo díẹ̀ sáàárín, nígbà tó di ọjọ́ kẹrin ó ti ń sáré. Lẹ́yìn bí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni ogbe bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n lórí ẹ̀, a ní háà, akọ ni! Màmá ní kò burú, Sàlàkọ́ ni nígbà yẹn.

Ẹ̀ẹ̀kejì la wá mọ nǹkan tí à ń ṣe. Mo fi ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wo ibà sínú màṣíìnì ọ̀hún, níbi tí iwájú ẹ̀ ti ń kọ 37.8, ẹ̀rọ ibà ní 36.4 ni. Ó ti ń purọ́ fún mi láti January (àwa méjèèjì la jọ ń purọ́). Mo tún un tò. Mo wá rí ẹyin gidi lọ́wọ́ bàbá kan l'Abẹ́òkúta tó ń sin FUNAAB Alpha, adìẹ tí yunifásítì àgbẹ̀ ibẹ̀ ṣe, mo rí àkùkọ wọn pẹ̀lú ojú mi kí n tó sanwó. Ogójì ni mo rà, mo gbé e lé itan láti Abẹ́òkúta dé Ìbàdàn, mo jẹ́ kó sinmi di ọjọ́ kejì kí n tó kó o sínú ooru, torí ẹyin tó bá ti mì jìgìjìgì lọ́nà, ó yẹ kára ẹ̀ kọ́kọ́ balẹ̀.

Ọjọ́ kẹrìndínlógún ni iná lọ láti ìrọ̀lẹ́. Bátìrì mọ́tò tí mo so mọ́ ọn gbé e dé aago méjì òru, òun náà kú. Mo gbé omi kaná, mo dà á sínú ìgò omi Ragolis mẹ́rin, mo tò ó sí àárín ẹyin, mo fi dúfẹ́ẹ̀tì wa bo màṣíìnì mọ́lẹ̀. Bàbá Dámi ń wò mí láti orí bẹ́ẹ̀dì, òtútù ń mú u, ó ní ṣé ẹyin ló fẹ́ mi ni àbí òun. Iná dé ní aago mẹ́fà kọjá. Nínú 33 tó lọ́mọ, 28 ló jáde. O lè wá kà á, èyí kì í ṣe irọ́.

Màmá Ẹlẹ́kọ ní adìẹ dúdú kan tó ń sàba lábẹ́ àtẹ̀gùn nígbà yẹn, ẹyin mẹ́jọ nínú apẹ̀rẹ̀ tó ti ya, wọ́n fi èédú sàmì sí gbogbo ẹ̀ kí wọ́n lè mọ̀ tí adìẹ mìíràn bá wá yé tiẹ̀ sí i. Ẹ̀ẹ̀kan péré ló ń dìde lójúmọ́, á jẹun, á mumi, á yàgbẹ́, ó di orí ẹyin. Kò sí iná, kò sí bátìrì, kò sí nǹkan tó ń ka ìgbóná, ó pa méje nínú mẹ́jọ! Inú bí mi díẹ̀, mi ò ní purọ́. Màmá ní kí n mú mẹ́sàn-án wá nínú tèmi, kí n dúró di òru, adìẹ kì í ríran dáadáa lóru. Mo tọwọ́ bọ abẹ́ ẹ̀, ó gbóná bí inú búrẹ́dì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde, ó fi ẹnu sọ mí lọ́rùn ọwọ́, ó dùn mí. Màmá ń gba ẹ̀yìn kó wọn sí i ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ó kùn, ó ṣe "kúrúú, kúrúú", ó tún ìyẹ́ tò, orí kékeré kan yọ lábẹ́ apá ẹ̀, ó tún wọlé padà. Ilẹ̀ mọ́, ó ń kó mẹ́rìndínlógún kiri bíi pé òun ló bí gbogbo wọn. Adìẹ ò mọ ìṣirò, ó sàn jù mí lọ. Àwọn 19 tó kù wà nínú páálí lọ́dọ̀ mi, ìkòkò èédú ni mo fi ń mú wọn móoru, èéfín fẹ́rẹ̀ẹ́ fọ́ mi lójú.

Ìjàlọ mú mẹ́ta lóru ọjọ́ kan ní April, àṣá gbé méjì. Ti àṣá ò dùn mí tó ti ìjàlọ, torí ti ìjàlọ mo gbọ́ igbe wọn mo rò pé ebi ni.

Ti abẹ́rẹ́ àjẹsára ló máa pa ẹ́ lẹ́rìn-ín. Kì í tiẹ̀ ṣe abẹ́rẹ́, inú omi la ń po Lasota, àjẹsára lúkúlúkú tó ń pa adìẹ, sí. Ìgò tó kéré jù tí wọ́n ń tà ládùúgbò wa, ti igba adìẹ ni, tó o bá sì ti pò ó tán, wákàtí méjì, ó ti dópin, kò ṣeé fi pamọ́. Ìdílé márùn-ún la jọ ń dáwó: èmi, Màmá Ẹlẹ́kọ, télọ̀ iwájú ilé, ìyàwó pásítọ̀, àti Bàbá Tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì. Gbogbo wa á gbomi kúrò níwájú adìẹ láti ìdájí kí òùngbẹ lè gbẹ wọ́n, Bàbá Tíṣà á gbé yìnyín wá, á fi mílíìkì oníyẹ̀fun díẹ̀ sómi kànga, á máa wo aago bí ẹni tó ń ṣọ́ ìdánwò, ìyàwó pásítọ̀ á sì máa pẹ́ dé ní gbogbo ìgbà. Màmá Ẹlẹ́kọ ò gbà á gbọ́ tẹ́lẹ̀. Èṣí ni lúkúlúkú wọlé wọn, ọrùn adìẹ ń lọ́, ìgbẹ́ wọn ń jáde bí ewé, láàárín ọjọ́ mẹ́rin ó gbá gbogbo wọn lọ àfi dúdú yẹn. Àwọn ló máa ń kọ́kọ́ dáwó báyìí.

Ti adìẹ mẹ́ta tó o fẹ́ sìn lẹ́yìnkùlé yín, mo rẹ́rìn-ín títí. Pé láti October 2024, adìẹ kan ṣoṣo pàápàá, ẹ gbọ́dọ̀ forúkọ ẹ̀ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba? Ká ní ibí ni, ta ló máa lọ forúkọ dúdú Màmá Ẹlẹ́kọ sílẹ̀? O tún ní ẹ ò gbọ́dọ̀ fún un ní oúnjẹ tó ṣẹ́ kù ní kíṣìnì. Eèrí ògì àti àmàlà àná ló tọ́ tiwa dàgbà. Ṣá máa tẹ̀ lé òfin wọn, má jẹ́ kí adìẹ ba ìwé ẹ jẹ́.

Nítorí náà, má ra màṣíìnì igba ẹyin. Ibo ni mo fẹ́ kó òròmọdìẹ tó tó bẹ́ẹ̀ sí, ta ló máa bọ́ wọn, sítáátà, oúnjẹ òròmọdìẹ, ti gbówó lórí, ọjọ́ tí iná bá sì lọ, dúfẹ́ẹ̀tì mélòó ni mo ní? Bá mi dá owó àbúrò ọkọ ẹ padà, sọ fún un pé Kẹ́mi ní òun ṣì ń kọ́ṣẹ́. Tó o bá ń bọ̀ ní December, ẹ̀rọ méjì ni kó o bá mi rà, kékeré ni, èyí tó ń ka ìgbóná tó tún ń ka bí omi ṣe wà nínú afẹ́fẹ́, má ra ti Fahrenheit, orí mi ò gbé e.

Tí inú bá ń bí ẹ, pè mí kó o bú mi, mi ò ní gé e. Aago mẹ́rin ìdájí ni Sàlàkọ́ ń kọ báyìí, ojú mi á ti là. Òun nìkan ni mi ò ní pa fún ẹ ní Kérésì, ìyókù, ìwọ ni kó o yan èyí tó o bá fẹ́.

Èmi ni tìẹ,
Kẹ́mi